Bí A Ṣe Lè Tún Iṣẹ́ Ìlera Ìbálòpọ̀ àti HIV Ṣe fún Àwọn Ọ̀dọ́ Tí Àwùjọ Tì Sẹ́gbẹ̀ẹ́

Ọ̀pọ̀ ilé ìlera ló ní oògùn, tó ní ohun èlò àyẹ̀wò, tó sì ní nọ́ọ̀sì tó mọṣẹ́, síbẹ̀ tí àwọn ọ̀dọ́ tó nílò wọn jù kì í yà síbẹ̀, tàbí kí wọ́n yà lẹ́ẹ̀kan kí wọ́n má padà wá mọ́. Oògùn kọ́ ló ń lé wọn. Ohun tó ń lé wọn ni ìbéèrè tí wọ́n bi wọ́n létí gbogbo ẹni tó jókòó, ìwé tí wọ́n ní kí wọ́n lọ gbà wá lọ́dọ̀ bàbá, káàdì tí àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ sí ti àwọn yòókù. Nítorí náà, a kò ní bẹ̀rẹ̀ láti orí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tàbí pátákó ìkéde. Ẹnu ọ̀nà la ó ti bẹ̀rẹ̀, a ó sì máa tẹ̀lé ọ̀dọ́ náà títí di ọjọ́ tó máa padà wá.

Àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí kàn ni àwọn ọ̀dọ́ láti ọmọ ọdún 10 sí 24: àwọn tó ń sùn ní títì, àwọn tó ń fi ìbálòpọ̀ wá owó, àwọn ọkùnrin tó ń bá ọkùnrin ní ìbálòpọ̀, àwọn tí kò gbà pé akọ tàbí abo tí wọ́n pè wọ́n nígbà ìbí ni wọ́n, àwọn tó ń gún oògùn olóró sára, àwọn tó wà lẹ́wọ̀n, àwọn tó sá kúrò nílùú wọn, àwọn tí kì í gbọ́rọ̀ tàbí tí kì í ríran, àti àwọn tí wọ́n bí mọ́ kòkòrò HIV. Ẹnì kan lè wà nínú mẹ́ta lára àwọn wọ̀nyí lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ má ṣe retí pé ẹni tó wọlé yóò sọ èyí tó jẹ́ fún yín lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Ẹ wá ẹni tí kò sí nínú ìwé yín

Ẹ mú ìwé àkọsílẹ̀ oṣù mẹ́ta tó kọjá. Ẹ ka àwọn ọ̀dọ́ inú rẹ̀, kí ẹ pín wọn sí ọmọ ọdún 10 sí 14, 15 sí 19, àti 20 sí 24, ọkùnrin lọ́tọ̀, obìnrin lọ́tọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ ka iye tó ṣe àyẹ̀wò HIV, iye tó gba èsì rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, iye tó bẹ̀rẹ̀ oògùn nínú àwọn tí wọ́n bá kòkòrò náà lára wọn, àti iye tó ṣì ń gba oògùn lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Ibi tí iye yẹn ti já wálẹ̀ jù lọ ni iṣẹ́ yín wà. Bí ó bá jẹ́ pé láàárín èsì àti oògùn ni wọ́n ti ń sọnù, tí ẹ wá lọ ṣe ìpolongo láti kó èèyàn púpọ̀ sí i wá fún àyẹ̀wò, ìkòkò tó ń jò lẹ ń pọnmi sí.

Àmọ́ ìwé kò lè sọ nípa ẹni tí kò wá rí. Àwọn yẹn, ẹ ní láti lọ bá wọn sọ̀rọ̀. Ẹ pe ọ̀dọ́ mẹ́fà sí mẹ́jọ, irú kan náà ní ìjókòó kan. Ẹ má kó ọmọ iléèwé mọ́ ẹni tó ń sùn ní títì, torí ọ̀kan nínú wọn kò ní lanu. Kí ẹni tí wọ́n ti mọ̀ tí wọ́n sì fọkàn tán darí ọ̀rọ̀ náà, kì í ṣe ọ̀gá ilé ìwòsàn. Ẹ san owó ọkọ̀ wọn. Ìbéèrè tó ń mú òótọ́ jáde ni èyí tó dá lórí ohun tó ti ṣẹlẹ̀: “Ìgbà tí ara yín yún yín kẹ́yìn tàbí tí nǹkan ń dà lójú ara yín, ibo lẹ lọ? Kí ló dé tí ẹ ò wá síbí?” Bí ẹ bá bi wọ́n pé kí ni wọ́n fẹ́, ohun tí wọ́n rò pé ẹ fẹ́ gbọ́ ni wọ́n máa sọ.

Ìkìlọ̀ kan wà níbí tí kò ṣeé fojú fò. Ẹ má ṣe ya àwòrán ilẹ̀ tó fi ibi tí àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí ń kóra jọ sí hàn kedere, ẹ má sì kọ orúkọ wọn sínú ìwé kan. Níbi tí òfin bá ti ka ohun tí wọ́n ń ṣe sí ẹ̀ṣẹ̀, irú ìwé bẹ́ẹ̀ lè di ohun tí ọlọ́pàá tàbí jàǹdùkú fi wá wọn kàn. Iye wọn àti àdúgbò ní gbogbogbòò ti tó.

Ẹ wá ṣe ìrìn àyẹ̀wò. Ẹ sọ fún gbogbo òṣìṣẹ́ ṣáájú pé láàárín oṣù náà, ọ̀dọ́ méjì tó ti pé ọmọ ọdún 18 yóò wá bí ẹni tó wá gba ìtọ́jú, pé a kò ní fìyà jẹ ẹnikẹ́ni lórí ohun tí wọ́n bá rí. Kí àwọn méjèèjì kọ èyí sílẹ̀: èèyàn mélòó ni wọ́n bá sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tọ́jú wọn, ẹ̀ẹ̀melòó ni wọ́n sọ ìdí tí wọ́n fi wá, ìṣẹ́jú mélòó ni wọ́n fi dúró, ta ló lè gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló yẹ kí ọ̀dọ́ sọ ìdí tó fi wá, nínú yàrá tí ilẹ̀kùn rẹ̀ tì. Ibi tí a bá ti ń bá a pé ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, fún ẹ̀ṣọ́, fún akọ̀wé, fún ẹni tó wọn ìwọ̀n ara rẹ̀, kó tó rí nọ́ọ̀sì, kò sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó lè tún un ṣe. Ètò ibẹ̀ ni kí ẹ yí padà.

Ẹnu ọ̀nà, káàdì, àti ìró oògùn nínú àpò

Ẹ má ṣe ní ilẹ̀kùn kan tí wọ́n kọ HIV sí lára. Ẹni tó bá yà síbẹ̀ ti sọ ìtàn ara rẹ̀ fún gbogbo ẹni tó ń kọjá. Ẹ pa iṣẹ́ náà mọ́ ìtọ́jú mìíràn tí ọ̀dọ́ ń bá wá, kí ẹni tó wá nítorí orí fífọ́ àti ẹni tó wá gba oògùn HIV jọ gba ọ̀nà kan náà wọlé.

Wákàtí iṣẹ́ náà ṣe pàtàkì. Agogo mẹ́jọ àárọ̀ sí mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ kò bá ọmọ iléèwé mu, kò sì bá ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lóru mu. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìrọ̀lẹ́ kan lọ́sẹ̀, kí ọjọ́ náà má yí padà. Ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ lè jókòó kí ẹ má rí ju ẹni méjì lọ. Ẹ má torí ìyẹn pa á tì. Ẹnu ni ọ̀dọ́ fi ń gbọ́ pé ibì kan dára, ẹnu sì máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó ká ìlú. Ẹ fún un ní oṣù mẹ́ta ó kéré tán.

Níwájú akọ̀wé, ohun mẹ́ta péré ni kí wọ́n béèrè: orúkọ tí ẹ fẹ́ ká máa pè yín, ọdún tí wọ́n bí yín, ṣé ẹ ti wá síbí rí. Nọ́ńbà ni kí ẹ fi máa pe èèyàn wọlé. Orúkọ tó yàtọ̀ sí ohun tí ojú rí, tí wọ́n pè sókè nínú yàrá ìdúró, ti lé ọ̀pọ̀ jáde kí wọ́n tó rí dókítà.

Ẹ dán ìró yàrá ìtọ́jú wò: kí ẹnì kan jókòó sínú rẹ̀ kó máa sọ̀rọ̀ bó ṣe ń sọ ọ́ lójoojúmọ́, kí ẹlòmíràn dúró síta lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Bí ẹni tó wà níta bá gbọ́ ọ̀rọ̀ kan tó yé e, ẹ sún àga kúrò nídìí ilẹ̀kùn, ẹ tan fáànù tàbí rédíò sí yàrá ìdúró, tàbí kí ẹ wá yàrá mìíràn. Aṣọ ìkélé kì í dí ọ̀rọ̀ lọ́nà.

Fáìlì gbogbo aláìsàn gbọ́dọ̀ jẹ́ àwọ̀ kan náà. Kí ẹnikẹ́ni má kọ “aṣẹ́wó” tàbí ọ̀rọ̀ èyíkéyìí tó sọ irú ẹni tó ń bá lò pọ̀ sí èèpo fáìlì. Bí ìròyìn iṣẹ́ bá nílò rẹ̀, ẹ lo àmì, kí ìtumọ̀ àmì náà wà nínú àpótí tó ní kọ́kọ́rọ́, tó yàtọ̀ sí ibi tí fáìlì wà.

Ohun kékeré kan tí àwọn òṣìṣẹ́ kì í rò ni ìró oògùn. Ìgò oògùn HIV máa ń dún ṣàkàṣàkà nínú àpò, ọ̀dọ́ tó ń gbé pẹ̀lú ẹlòmíràn nínú yàrá kan mọ̀ pé ìró yẹn lè tú òun fó. Òwú díẹ̀ nínú ìgò náà ń pa á lẹ́nu mọ́. Bí ó bá fẹ́ ìgò mìíràn tí kò ní àkọlé, ẹ fún un ní èyí tó ní ọmọrí tó dé dáadáa, kí àpò kékeré tó ń fa ọ̀rinrin, tó bá oògùn wá, bá oògùn lọ.

Fóònù náà ńkọ́? Kí ẹ tó gba nọ́ńbà, ẹ béèrè bóyá tirẹ̀ ni fóònù ọ̀hún, ta ló tún lè gbé e, kí ni ẹ lè sọ bí ẹlòmíràn bá gbé e. Ẹ jọ fẹnu kò lórí gbólóhùn kan tí kò ní ìlera nínú rárá. Ọ̀rọ̀ bíi HIV, oògùn tàbí kíliníìkì kò gbọ́dọ̀ sí nínú àtẹ̀jíṣẹ́.

Ọjọ́ orí àti òfin

Ẹ wá ohun tí òfin ìlú yín sọ gan-an nípa ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18: èwo ló nílò ìyọ̀ǹda òbí, èwo ni kò nílò rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sí ojú ìwé kan, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri yàrá ìtọ́jú. Ohun tó sábà ń ṣẹlẹ̀ ni pé òṣìṣẹ́ ń béèrè ìyọ̀ǹda fún ohun tí òfin kò béèrè fún, nítorí ẹ̀rù. Òfin púpọ̀ ni kò béèrè ìyọ̀ǹda òbí lọ́wọ́ ọmọ tó ti ṣègbéyàwó, tó ti bímọ tàbí tó ń dá gbé. Níbi tí ìyọ̀ǹda bá ti pọn dandan, ẹ béèrè ẹlòmíràn tí òfin gbà kó fọwọ́ sí i, bí òṣìṣẹ́ ìrànlọ́wọ́ àwùjọ. Bí kò bá sì sí ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ náà, ẹ má jẹ́ kó lọ lọ́wọ́ òfo: ẹ wá ohun tí òfin jẹ́ kí ẹ fún un láìsí ìbuwọ́lùwé, kí ẹ sì fún un.

Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 tó ń fi ìbálòpọ̀ gbowó, ìfìyàjẹni ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé kà á sí, wọn kì í pè é ní iṣẹ́. Ìtọ́jú ló ṣáájú, lẹ́yìn náà ètò ààbò pẹ̀lú ẹni tó mọ̀ nípa ọmọdé. Bí ẹ bá ké sí ọlọ́pàá kí ẹ tó tọ́jú rẹ̀, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò ní tẹ ilẹ̀ yín mọ́.

Kó tó sọ ohunkóhun, ẹ sọ ibi tí àṣírí mọ fún un: “Ohun tí ẹ bá sọ, àárín wa ni yóò wà, àfi bí ẹ̀mí yín tàbí ti ẹlòmíràn bá wà nínú ewu. Bí ó bá sì rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin la máa kọ́kọ́ sọ fún.” Ṣùgbọ́n bí òfin yín bá sọ pé dandan ni kí ẹ fi ìfìyàjẹ ọmọdé tó aláṣẹ létí, ẹ fi ìyẹn kún un. Bí ẹ bá sọ ọ́ lẹ́yìn tó ti tú ọkàn rẹ̀ jáde, ẹ̀tàn ló máa kà á sí.

Ohun tí a ń béèrè, àti ìdí rẹ̀

Ẹ má bi ọmọkùnrin pé “Ọ̀rẹ́bìnrin yín ńkọ́?” Ìbéèrè yẹn ti pa ìlẹ̀kùn dé. Ẹ béèrè pé: “Láàárín ọdún kan sẹ́yìn, ṣé ẹ ti ní ìbálòpọ̀? Pẹ̀lú ọkùnrin, pẹ̀lú obìnrin, àbí pẹ̀lú méjèèjì? Ojú ara, ihò ìdí, àbí ẹnu?” Ẹ sọ ìdí tí ẹ fi ń béèrè: àtọ̀sí àti kílàmídíà, àrùn ìbálòpọ̀ mìíràn, lè wà ní ọ̀fun tàbí ihò ìdí láìsí àmì kankan, àyẹ̀wò ìtọ̀ kò sì ní rí wọn níbẹ̀. Ibi tí ìbálòpọ̀ ti wáyé ni a ti ń mú ohun tí a máa yẹ̀ wò. Òṣìṣẹ́ tí ojú ń tì láti béèrè yóò gba ìtọ̀ nìkan, yóò ní kò sí àrùn, àrùn yóò sì máa bá a lọ.

Ẹ tún béèrè bóyá òun fúnra rẹ̀ ló fẹ́ ìbálòpọ̀ náà. Bí wọ́n bá fipá bá a lò pọ̀, aago ti ń lọ. Oògùn pàjáwìrì tó ń dènà HIV lẹ́yìn irú ìbálòpọ̀ bẹ́ẹ̀, tí wọ́n ń pè ní PEP, gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láàárín wákàtí 72, ó sì dára jù kó yá ju bẹ́ẹ̀ lọ; ọjọ́ 28 ni wọ́n fi ń lò ó. Oògùn ìdènà oyún pàjáwìrì, levonorgestrel mílígíráàmù 1.5 lẹ́ẹ̀kan, ṣeé lò títí di wákàtí 120, àmọ́ agbára rẹ̀ ń dín kù bí wákàtí ṣe ń kọjá. Ibi tí nǹkan ti sábà ń bàjẹ́ ni ọjọ́ ìsinmi: ẹni náà wá lálẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, wọ́n ní kó padà wá lọ́jọ́ Ajé. Ẹ fi oògùn ọjọ́ díẹ̀ sọ́wọ́ ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ alẹ́, kí ẹ sì fún un láṣẹ láti fún ẹni tó bá wá láìdúró de dókítà. Ní ọdún 2024, Àjọ Ìlera Àgbáyé WHO dá a lábàá pé kí wọ́n máa fún èèyàn ní PEP láàárín àdúgbò, kí òṣìṣẹ́ tí kì í ṣe dókítà náà sì lè ṣe é.

Fún ọ̀dọ́ tí kì í gbọ́rọ̀, ẹ wá ògbufọ̀ èdè àfọwọ́sọ. Kì í ṣe ìyá rẹ̀, kì í ṣe ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Àwọn tí kì í gbọ́rọ̀ sábà mọ ara wọn, nítorí náà ẹ jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ yan ògbufọ̀ tó fẹ́, kí ògbufọ̀ náà sì buwọ́ lù ú pé òun yóò pa àṣírí mọ́.

Àyẹ̀wò, àti ohun tó tẹ̀ lé e

Kí èsì jáde lójú ẹsẹ̀. Ẹ ṣàlàyé àkókò tí àyẹ̀wò kò tíì lè rí nǹkan: àyẹ̀wò òde òní ní yàrá àyẹ̀wò sábà ń rí kòkòrò náà láàárín ọjọ́ 45 lẹ́yìn tó wọ ara, èyí tí èèyàn ń fúnra rẹ̀ ṣe lè gbà tó ọjọ́ 90. Àyẹ̀wò àdáṣe dára púpọ̀ fún ẹni tó ń tijú láti wọlé, ṣùgbọ́n kò parí ọ̀rọ̀: WHO sọ pé àyẹ̀wò mẹ́ta tó tẹ̀ léra tó fi kòkòrò hàn ni a fi ń sọ pé ẹnì kan ní HIV. Nítorí náà, bí ẹ bá ń pín ohun èlò àyẹ̀wò àdáṣe, ẹ kọ ibi tí ẹni tó rí ilà méjì (àmì pé kòkòrò náà lè wà lára rẹ̀) máa wá sí, àti ẹni tó máa béèrè, sára rẹ̀.

Bí wọ́n bá rí kòkòrò náà, ẹ fún un ní oògùn lọ́jọ́ náà bó bá ti ṣe tán, kì í ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹni tí orí ń fọ́ gidigidi tàbí tí ọrùn rẹ̀ le nìkan ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò fún àrùn inú ọpọlọ, torí ìkánjú lè pa á lára. Ọ̀rọ̀ tó gbọ́dọ̀ gbọ́ lọ́jọ́ yẹn, kó tó jáde, ni pé ẹni tó ń lo oògùn rẹ̀ títí àyẹ̀wò kò fi rí kòkòrò náà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mọ́ kì í kó o ran ẹni tó bá bá lò pọ̀. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ń fi èyí pa mọ́, wọ́n ń bẹ̀rù pé ọ̀dọ́ yóò máa ṣe bó ṣe wù ú. Ìwà yẹn kò tọ́. Ìrètí yìí gan-an ló ń mú kó lo oògùn.

Bí wọn kò bá sì rí i, iṣẹ́ kò tíì tán. Ẹ sọ̀rọ̀ PrEP, oògùn tó ń dènà HIV kó tó wọ ara. Ẹni tí wọ́n bí ní ọkùnrin, tí kò lo oògùn homonu obìnrin (èyí tó ń mú kí ara dà bí ti obìnrin), lè lo ẹyọ méjì ní wákàtí 2 sí 24 ṣáájú ìbálòpọ̀, kó máa lo ẹyọ kan lójoojúmọ́ títí di ọjọ́ méjì lẹ́yìn ìbálòpọ̀ tó kẹ́yìn. Àwọn yòókù ní láti lò ó lójoojúmọ́ fún ọjọ́ méje kí wọ́n tó gbára lé e. Abẹ́rẹ́ náà wà: ti cabotegravir jẹ́ oṣù méjì-méjì lẹ́yìn méjì àkọ́kọ́ tí oṣù kan wà láàárín wọn, lenacapavir sì jẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún, WHO fọwọ́ sí lílò rẹ̀ fún ìdènà ní ọdún 2025. Fún ẹni tí kò níbi tó lè tọ́jú oògùn sí, abẹ́rẹ́ ló sàn jù, bó bá wà. Inú rírú àti orí fífọ́ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ wà lára ohun tó ń mú kí èèyàn jáwọ́, nítorí náà ẹ pè é láàárín ọjọ́ méje sí mẹ́wàá. Àwọn tó ń lo homonu máa ń bẹ̀rù pé PrEP yóò ba homonu wọn jẹ́. Ẹ sọ fún wọn pé kò rí bẹ́ẹ̀, kí wọ́n tó béèrè.

PrEP kì í dènà oyún tàbí àtọ̀sí. Kọ́ńdọ̀mù ṣì ní láti wà, níbi tí ọwọ́ ti lè mú un láìsí pé ẹnikẹ́ni ń wo ojú ẹni: ilé ìgbọ̀nsẹ̀ dára ju orí tábìlì nọ́ọ̀sì lọ. Ẹ fi ohun olómi tó ń mú nǹkan yọ̀, tí kò ní òróró nínú, kún un, kí ẹ sì sọ ìdí rẹ̀: òróró àti fasilíìnì ń jẹ rọ́bà kọ́ńdọ̀mù, ó sì lè bẹ́. Kí páálí kọ́ńdọ̀mù má wà nínú oòrùn.

Àwọn ojúgbà, àti bí a ṣe ń mú kí wọ́n máa bọ̀

Ọ̀dọ́ máa ń gbọ́ ti ẹni tó ti gba ọ̀nà kan náà kọjá. Ní Zimbabwe, ètò Zvandiri ń lo àwọn ọ̀dọ́ tó ní HIV, tí wọ́n ti kọ́, láti máa ṣàtìlẹyìn fún ojúgbà wọn, nílé àti ní kíliníìkì. Ohun tó ń ba irú ètò bẹ́ẹ̀ jẹ́ níbòmíràn kò ṣòro láti mọ̀. Wọ́n ní kí ọ̀dọ́ ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́, ebi sì lé e lọ. Wọ́n wọ ẹ̀wù tó ní àmì ilé iṣẹ́, wọ́n dé ẹnu ọ̀nà ilé ẹlẹ́ni, gbogbo àdúgbò sì mọ ohun tí wọ́n wá ṣe. Wọ́n fún ẹnì kan ní èèyàn tó pọ̀ ju èyí tó lè bẹ̀ wò lọ́sẹ̀ lọ. Ẹ san owó oṣù, owó ọkọ̀ àti owó ìpè. Ẹ má wọ ẹ̀wù àmì. Kí nọ́ọ̀sì kan jókòó pẹ̀lú wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, torí ohun tí wọ́n ń gbọ́ wúwo.

Ẹni tó ti dúró sórí oògùn dáadáa, ẹ fún un ní ti oṣù mẹ́ta, kó tó di ti oṣù mẹ́fà. Ìrìn tí kò nídìí ni ọ̀tá ọ̀dọ́ tí kò lówó ọkọ̀. Ẹ yẹ iye kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ wò ní oṣù kẹfà, oṣù kejìlá, lẹ́yìn náà lọ́dọọdún. Bí ó bá ju 1,000 lọ nínú mìlílítà ẹ̀jẹ̀ kan, ẹ má jágbe mọ́ ọn. Ẹ béèrè pé, “Láàárín ọ̀sẹ̀ kan sẹ́yìn, ọjọ́ mélòó ni oògùn ṣòroó lò, kí ló sì fà á?” Ìdáhùn sábà máa ń jẹ́ ibi tí wọ́n ń sùn, oúnjẹ, tàbí ẹni tí wọ́n ń fi pa mọ́ fún. Ìyẹn ni kí ẹ bá a tún ṣe, kí ẹ tún àyẹ̀wò náà ṣe lẹ́yìn oṣù mẹ́ta.

Àwọn tí wọ́n bí mọ́ HIV sábà ń sọnù nígbà tí wọ́n bá ń kúrò ní kíliníìkì ọmọdé lọ sí ti àgbà. Ìwé nìkan kò tó láti fi rán wọn lọ. Kí nọ́ọ̀sì àgbà wá pàdé wọn ní kíliníìkì ọmọdé lẹ́ẹ̀mejì ṣáájú, kí nọ́ọ̀sì ọmọdé sì bá wọn dé ibi tuntun lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, ẹ padà sí iye tí ẹ kà níbẹ̀rẹ̀, kí ẹ jókòó tì í pẹ̀lú àwọn ọ̀dọ́ náà, kí ohùn wọn sì ní agbára lórí apá kan nínú owó iṣẹ́ náà. Ẹ tún fún wọn ní nọ́ńbà fóònù kan tí wọ́n lè fi ẹjọ́ sùn nígbà tí òṣìṣẹ́ bá tú àṣírí wọn, kí ẹni tó máa gbé e má sì jẹ́ òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn náà. Kí ẹni tó pè gbọ́ ohun tí a ṣe sí ẹjọ́ rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì.